Pùròpélà Hiace ń gbọ̀n, ó sì ń dún: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Awakọ̀ Iléṣà: Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí mo bá sáré dé 70 lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ilẹ̀ ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Tí mo bá fẹ́ gbéra, abẹ́ rẹ̀ á dún "kó!" Ṣé kí n pààrọ̀ odindi pùròpélà (ọ̀pá irin tó ń gbé agbára láti jíà lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀) ni?

Mẹkáníìkì Ifẹ̀: Ẹ má tíì náwó. Kọ́rọ́ọ̀sì (oríkèé pùròpélà) ló sábà máa ń dún báyẹn. Ẹ fi òkúta dí táyà iwájú, ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé sítáǹdì (jáàkì nìkan léwu), kí jíà wà ní nútírà. Ẹ di ìhà méjèèjì kọ́rọ́ọ̀sì mú, ẹ yí wọn lòdì síra. Tó bá mì pẹ́nrẹ́n, ó ti jẹ. Eruku pupa létí káàpù rẹ̀ (ife irin kékeré tó bo orí apá kọ́rọ́ọ̀sì) túmọ̀ sí pé gírísì ti gbẹ.

Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí fìláǹjì (ojú irin tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì de pùròpélà mọ́) àti pùròpélà. Ẹni tó bá dá a padà lódì, ọkọ̀ á ṣì máa gbọ̀n, á wá ní ọjà ayédèrú ni wọ́n tà fóun! Tí lọ́ọ̀kì (òrùka irin tó ń di káàpù mú) káàpù tuntun ò bá wọlé, ẹ má fi òòlù lù ú. Ó sábà máa ń jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kan (irin tín-ín-rín inú káàpù) ti ṣubú sí ìsàlẹ̀ káàpù. Ẹ tú u, ẹ fi gírísì lẹ abẹ́rẹ́ náà mọ́ ògiri inú káàpù.

Ọmọ Ọwá: Òótọ́ ni. Tí pùròpélà bá jẹ́ alápá méjì, ẹ wo rọ́bà béárìn àárín bóyá ó ti ya. Ẹ tún wo irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n jó mọ́ ara pùròpélà kó má baà máa gbọ̀n. Tó bá ti já, kọ́rọ́ọ̀sì tuntun ò lè dá gbígbọ̀n náà dúró.

Awakọ̀ Iléṣà: Rọ́bà ti ya lóòótọ́. Ẹ ṣeun o.