Ṣé kí n ra apá kejì Doubt fún ọmọ mi?

Ìyá Fọlákẹ́: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 13, máńgà, ìwé ìtàn alàwòrán àwọn ará Japan, ló sì gbà á lọ́kàn. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi apá kìíní Doubt ránṣẹ́ sí i, èyí tí Yoshiki Tonogai kọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ṣí i bí a ṣe ń ṣí ìwé tiwa, mo ti ka ojú ewé mẹ́rin kí n tó mọ̀ pé òpin ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á wá sí òsì!

Iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi kà á tán. Àwọn ọ̀dọ́ tí eré orí fóònù kan, Rabbit Doubt, pa pọ̀ ni wọ́n pàdé lójúkojú. Ìgbà tí wọ́n máa lajú, wọ́n ti bá ara wọn nínú ilé àhámọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn sì ti kú. Ehoro ni gbogbo wọn, àfi ẹnì kan tó jẹ́ ìkookò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kó tó pa wọ́n tán. Ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ ò kéré. Ṣé kí n ra èyí tó kù?

Àkàndé Òǹkàwé: Ẹ kú iṣẹ́ òbí, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kà á. Ẹni tó bá dárúkọ ìkookò níbí, èmi àti ẹ̀ ni! Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni àmì onílà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn páálí mílíìkì. Àmì yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn, àmọ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ti ẹnì kan lè ṣí. Tí o bá ti lo tìẹ, ó parí. Ẹ wá wo wàhálà: ta ni yóò kọ́kọ́ lo tiẹ̀? Ẹni tó ń ṣahun tiẹ̀, ṣé ẹ̀rù ló ń bà á ni àbí òun gan-an ni ìkookò? Gbogbo ilẹ̀kùn ló di ìjà. Kò sì fa ìtàn gùn. Ìdìpọ̀ 4 péré ni ní Japan, inú ìwé ìròyìn Monthly Shōnen Gangan ti Square Enix ló ti jáde láti 2007 di 2009. Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé Yen Press ló pa á pọ̀ di méjì lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Adùkẹ́: Bọ̀ọ̀dá Àkàndé, kíkúrú yẹn náà ló bà á jẹ́. Yàtọ̀ sí Yuu àti Mitsuki tí wọ́n ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré, ta lẹ mọ̀ níbẹ̀? Ẹnì kan kú, mo ní láti ṣí ìwé padà sẹ́yìn kí n tó rántí ẹni tó jẹ́. Báwo ni n ṣe fẹ́ sunkún ẹni tí mi ò mọ̀? Ìparí rẹ̀ ńkọ́? Àlàyé tó yẹ kó ti máa ta sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó rọ́ gbogbo ẹ̀ lé wa lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo pa ìwé dé, mo ní ọ̀gbẹ́ni yìí gbọ́n o, àmọ́ ó yan mí jẹ.

Àkàndé Òǹkàwé: Àǹtí Adùkẹ́, ẹ̀rí wà níbẹ̀, ẹ tún apá kìíní kà. Ti àwọn ẹ̀dá inú ẹ̀ yẹn ni mo gbà fún yín.

Màmá Ìbejì: Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ìtàn, ọmọ ọdún 13 ni obìnrin yìí ń bèèrè nípa ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí "shōnen" tàn yín jẹ, mà. Àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n ń tẹ irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún lóòótọ́, ìyẹn ò ní kí ẹ̀jẹ̀ má sí níbẹ̀. Orí ehoro ńlá tí wọ́n ń gbé wọ̀ yẹn, èmi àgbàlagbà, ó bá mi wọ ojú oorun. Tèmi ni pé kó dúró di ọdún 15.

Kọ́pà Ìsẹ́yìn: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. A ta irú eré yìí ní kámpù títí tí sójà fi lé wa wọlé. Mafia là ń pè é. Dimitry Davidoff ló dá a sílẹ̀ ní Mọsko ní 1986, kó tó di pé Andrew Plotkin sọ ọ́ di ti ìkookò ní 1997. Bébà péńpé àti ẹni méje ti tó. Mà, ẹ jẹ́ kí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ta á ná. Tó bá jẹ́ àwárí ìkookò ló wù ú, á tẹ́ ẹ lọ́rùn láìsí òkú kankan.

Ìyá Fọlákẹ́: Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo pe ọmọ mi láàárọ̀ yìí kí n lè fohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé ọdún 15 fún un. "Mọ́mì, mo ti kà á lálẹ́ yẹn lẹ́yìn tí ẹ sùn." Ó gbé ìwé máàtì ẹ̀ wá, ó ti kọ orúkọ gbogbo wọn sẹ́yìn ẹ̀, ó fagi lé àwọn tó ti kú, ó sì fi yíká sára ẹnì kan. Ẹni tí èmi ń fura sí kọ́.

A ó ta eré ti Kọ́pà lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Mo sì ti ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé kó ra apá kejì, kó fi orúkọ tèmi sí i.