Ẹsẹ̀ òsì mi ti gbọ́ràn: àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ọkọ̀ ọtọmátíìkì

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo béèrè níbí ohun tí mo lè ṣe: ọdún 14 ni mo fi wa ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì kí n tó ra ọtọmátíìkì, ẹsẹ̀ òsì mi sì ń gbá bíréèkì mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó ní kí n ká ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ kan ìdí ìjókòó, òun ló yọ mí. Àárọ̀ Sunday méjì ni mo fi ṣe é ní pápá kan ní Gàá Àkànbí, n'Ílọrin. Lọ́jọ́ kejì mo bọ́ bàtà òsì. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti kan kápẹ́ẹ̀tì, mo ti rántí. Mi ò gbá bíréèkì mọ́.

Ti ẹni tó ní kí n fi jíà sí N (níútírà) tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, kí n lè dín epo kù, mi ò gbà á rárá. Ẹ́ńjìnnì kì í bá èèyàn di ọkọ̀ mú nínú N, bíréèkì nìkan ni ìyà ń jẹ. L (jíà kékeré) ni mo lò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nígbà tí mo lọ sí Òmù-Àrán, ó sì dì í mú dáadáa.

Ó ku súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Post Office, n'Ílọrin. Mo ṣì ń gbàgbé pé nínú D (jíà tí a fi ń lọ síwájú), bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ọkọ̀ á máa yọ́ lọ. Ẹ ṣeun gan-an.