Ẹja abíódò, ẹja àdàsódò: èsì sí ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu ń túmọ̀ ìròyìn kan láti èdè Faransé, lórí bí wọ́n ṣe ń tọpasẹ̀ esturgeon, ẹja ńlá tó kù díẹ̀ kó run tán ní odò Garonne ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n ní kí á pe èyí tó ti wà lódò tẹ́lẹ̀ ní “ẹja ìbílẹ̀”, kí á sì pe èyí tí wọ́n tọ́ kí wọ́n tó dà á sódò ní “ẹja ọ̀sìn”. Àbúrò wa kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní “ẹja ìgbẹ́” dára ju ìbílẹ̀ lọ. Àbúrò, jọ̀wọ́, ta ni yóò gbé “ẹja ìgbẹ́” síwájú àlejò?

Ìtọpasẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n lò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹja kò ní ẹsẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tó sọnù náà kò ní, a sì ń tọpasẹ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pè é ní àmójútó, torí ẹni tó ń mójú tó nǹkan ń tọ́jú rẹ̀ ni. Àwọn tó ń tọpasẹ̀ ẹja yìí ń mú un, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń dá a padà sómi.

Orúkọ ẹja gan-an ni mo bá wá. Ọ̀sìn kì í kúrò lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń sìn ín. Ẹja tí wọ́n ń sìn ní oko ẹ̀kọ́ Songhaï níbí ní Àjàṣẹ́, ọ̀sìn ni: inú adágún ló wà, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ. Esturgeon tí wọ́n dà sí Garonne ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, ó sì ń lọ sókun. Ta ló ń sìn ín? Ìbílẹ̀ náà kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀, torí odò kan náà ni ìran wọn ti wá.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ọdún 1994 ni a mọ̀ pé ẹja yìí bímọ kẹ́yìn fúnra rẹ̀ nínú odò náà. Láti 2007 ni wọ́n ti ń da ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí ibi ìsìn sódò, abo rẹ̀ a sì tó nǹkan bí ọdún 15 kó tó lè yé ẹyin. Ẹja tí àwọn tó ń tọpasẹ̀ rẹ̀ ń wá lójú méjèèjì ni ọmọ tí àwọn tí wọ́n dà sódò bá bí síbẹ̀. Kí ni ẹ̀gbọ́n yóò pè é? Òun gan-an ni kò rí orúkọ gbà.

A ti ní Abíọ́dún, a ní Abíọ́nà. Mo dábàá abíódò fún èyí tí wọ́n bí sódò, ì báà jẹ́ ibi ìsìn ni ìyá rẹ̀ ti wá. Èyí tí èèyàn dà síbẹ̀, àdàsódò. Bí ẹnìkan bá ní ẹja kì í bí, yíyé ló ń yé, a ṣáà ń pe èyí kékeré ní ọmọ ẹja, kò sì sí ọmọ tí a kì í bí.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò jìnnà sí èyí. Ẹja salmon ní odò Columbia ní Amẹ́ríkà ní lẹbẹ kékeré kan tó rọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ nítòsí ìrù. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n tọ́ ni wọ́n ń gé lẹbẹ yẹn kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó dà á sódò, kì í sì í hù padà. Apẹja tó bá fa ẹja sókè á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí lẹbẹ náà bá wà níbẹ̀, ní ibi púpọ̀, òfin ní kó dá a padà sómi. Ọmọ tí ẹja tí wọ́n gé ní lẹbẹ bá sì bí sódò, lẹbẹ tirẹ̀ pé. Ibi tí wọ́n bí i sí ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, wọn ò béèrè ìdílé bàbá rẹ̀.

Ẹlòmíì á ní akájà ńkọ́? Ẹ̀ka igi la rì mọ́lẹ̀ nínú ọ̀sà. Ẹja fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé (ẹ má rẹ́rìn-ín), ó jẹun, ó bímọ síbẹ̀. Akájà lólówó, ṣùgbọ́n abíódò ni ẹja inú rẹ̀.

Èyí tó kù ni ẹyin salmon tí èèyàn gbé lọ bò mọ́ àárín òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ odò, tó wá pa níbẹ̀. Àdàsódò ni èmi yóò pè é, torí kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló yé e síbẹ̀. Àbúrò Ṣábẹ̀ẹ́ lè bá mi jiyàn lórí ìyẹn, bí kò bá ṣáà ti dá ìgbẹ́ padà.