Láti Hampton Court dé Putney lẹ́sẹ̀: ìbéèrè láti Gwarinpa

Olùbéèrè, Gwarinpa: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa lókè òkun. Àwa mẹ́rin ló ń bọ̀ ní London nínú oṣù Kẹrin, ẹni tó dàgbà jù nínú wa ti pé ọmọ ọdún 61. A fẹ́ rin ẹ̀bá odò Thames, apá tó ní ìlú tó sì ní igbó. Etí Jabi Lake la ti ń rìn ní gbogbo Sátidé. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kí ló sì máa ń da ìrìn náà rú? Kí ni ká rà ní ọjà Wuse ká tó máa bọ̀?

Ará Kingston: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Gbogbo Thames Path, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀bá odò náà, lé ní 290 km, láti ìsun odò nítòsí Kemble títí dé ìlà-oòrùn London. Ẹ má dààmú ara yín pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Hampton Court sí Putney ni kí ẹ mú, ó tó nǹkan bí 26 km. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì, kí ẹ sùn ní Richmond tó wà láàárín, torí ẹni ọdún 61 tó rin 26 km lójúmọ́ kan kò ní lè dìde lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Waterloo dé Hampton Court. Ẹ gba orí afárá kọjá sí apá ààfin, kí ẹ yà sọ́tùn-ún. Odò máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín fún 5 km, títí dé afárá Kingston. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: ẹ gun afárá yẹn, ẹ kọjá sí ìhà ìlú Kingston, kí ẹ yà sósì. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ òsì ni odò máa wà títí dé Putney. Bí ẹ bá rí i lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ ti ṣìnà nìyẹn. Àmì èso igi óákù ló ń tọ́ni sọ́nà, àmọ́ nínú ìlú ó máa ń ṣọ̀wọ́n, ẹ̀gbẹ́ tí odò wà ló dájú jù.

Ọ̀nà náà kò ní òkè. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbà á pẹ̀lú. Bí ẹ bá gbọ́ agogo lẹ́yìn, ẹ dúró sójú kan, ẹ má sáré sọdá.

Ará Hammersmith: Mo fẹ́ fi èyí tó ṣe pàtàkì jù kún un, torí kò sí irú rẹ̀ ní Jabi. Láti Teddington Lock, ìlẹ̀kùn omi tó wà lẹ́yìn Kingston, lọ sísàlẹ̀, omi òkun ń tì wọ inú odò yìí, ó sì ń fà padà, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí wákàtí 25. Ní London Bridge, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà lè tó mítà 7. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá kún, ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni omi ń kún jù. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, etí odò ní Richmond, Chiswick àti Putney lè bọ́ sábẹ́ omi.

Olùbéèrè, Gwarinpa: Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa mọ àkókò rẹ̀?

Ará Hammersmith: Port of London Authority, àwọn aláṣẹ odò náà, ń gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo àkókò London Bridge, kí ẹ fi nǹkan bí ìdajì wákàtí kún un fún Putney, wákàtí kan fún Richmond. Ẹ ṣọ́ra: bí àkọsílẹ̀ náà bá jẹ́ GMT, ẹ fi wákàtí kan kún un. Láti ìparí oṣù Kẹta, aago London àti ti Àbújá dọ́gba, nítorí náà ẹ̀yin kò ní láti yí aago ọwọ́ yín padà.

Ní àwọn ọjọ́ tí omi ń kún jù yẹn, àkókò tó ń kún sábà máa ń jẹ́ láàárín aago méjì sí mẹ́rin, ọ̀sán àti òru, ní London Bridge. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé òwúrọ̀ ló dára: bí ẹ bá kúrò ní Richmond ní aago mẹ́sàn-án, ẹ ó ti dé Putney kí omi tó gun ọ̀nà. Láàárín Richmond sí Kew Bridge, 5 km, odò ló wà lápá kan, kòtò àti ọgbà Kew lápá kejì, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lo ilé ìyàgbẹ́ kí ẹ sì ra omi ní Richmond. Bí ẹ bá bá omi lójú ọ̀nà, ẹ má bọ́ bàtà wọ inú rẹ̀: ẹ kò rí ibi tí ọ̀nà parí sí. Ẹ padà síbi gíga, ẹ dúró, yóò fà láàárín wákàtí kan sí méjì. Ẹrẹ̀ tó fi sílẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Bí ẹnì kan bá já sínú odò, ẹ pe 999, ẹ béèrè fún Coastguard, àwọn tó ń gbani là lójú omi.

Ará Kingston: Apá igbó ni Ham Lands, lẹ́yìn Teddington, àti láàárín Hammersmith sí Putney. Èsìsì wà níbẹ̀, eégbọn náà wà nínú koríko gíga, torí náà ṣòkòtò gígùn ni kí ẹ wọ̀. Ewé gíga kan tí òdòdó funfun rẹ̀ rí bí agboòrùn, giant hogweed, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Oje rẹ̀ pẹ̀lú oòrùn ń jó ara títí yóò fi lé ròrò.

Ará Kubwa: Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ohun tí ẹ máa rà ní Wuse. Bàtà kánfáàsì tó nípọn nísàlẹ̀, tí ààyè tó ìwọ̀n àtàǹpàkò ṣẹ́kù nínú rẹ̀ níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀, ni kí ẹ rà, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ rin 5 km, 8 km, 12 km ní Àbújá ná. Bàtà tuntun lọ́jọ́ ìrìn ló ń bó ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn dára ju ti òwú lọ, torí òwú ń gba omi sára. Ẹ fi òrí pa àárín ọmọ ìka. Ẹ má wọ jíìnsì, bó bá tutù kò ní gbẹ mọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta dára ju ọ̀kan tó nípọn lọ, pẹ̀lú ẹ̀wù òjò. Òtútù àárọ̀ lè já sí 5 °C. Omi lítà kan ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù dúdú tẹ́ inú báàgì.

Dàbínù dára fún agbára. Àmọ́ ẹ fi kílíṣí sílẹ̀ nílé: òfin kò gba ẹran láti orílẹ̀-èdè wa wọlé síbẹ̀, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀.

Olùbéèrè, Gwarinpa: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ní Putney, ọkọ̀ wo la máa wọ̀ padà?

Ará Hammersmith: Ẹ gba orí Putney Bridge kọjá, ibùdókọ̀ ojú irin Putney Bridge wà lápá kejì. Káàdì ìsanwó kan náà tí ẹ fi wọlé ni kí ẹ fi jáde, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀.