A level mẹ́ta ni àbí T Level, fún ọmọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí GCSE (ìdánwò ọmọ ọdún 16), iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú. Sixth form (kíláàsì ọdún méjì tó kẹ́yìn) ilé ìwé rẹ̀ ní kó mú A level mẹ́ta, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì: Biology, Psychology àti Sociology. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìtòsí wa ní T Level ti ìlera, ẹ̀kọ́ tó da ìwé pọ̀ mọ́ iṣẹ́: ọdún méjì náà ni, wọ́n kà á sí A level mẹ́ta, ọmọ á sì lo nǹkan bí ọjọ́ 45 níbi iṣẹ́ gan-an. Òun fẹ́ èyí, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ohun tí kì í bá ṣe A level (ẹ ṣáà mọ̀ wá!).

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ta ló ti gba T Level wọ yunifásítì? Tó bá yí ọkàn padà, ṣé ó ṣì lè bọ́ sí A level?