"Dájọ́" kọ́ ni "dálẹ́bi": èsì lórí Mátíù 7:1-5

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé tí a bá ń tún Mátíù 7 kọ, kí "ẹ má ṣe dáni lẹ́jọ́" di "ẹ má ṣe dáni lẹ́bi", torí kò sẹ́ni tó lè gbé ayé láìdájọ́. Wọ́n tún ní kí "adíbọ́n" gba ipò "àgàbàgebè". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gba èkínní rárá.

Ẹ ṣí Lúùkù 6:37 nínú Bíbélì tó jáde lódindi ní 1884, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe gudugudu méje lórí rẹ̀. "Ẹ má ṣe dáni lẹ́jọ́" ló ṣáájú, "ẹ má ṣe dáni lẹ́bi" tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ méjì ni Gíríìkì lò níbẹ̀, krino (dájọ́) àti katadikazo (dálẹ́bi). Tí a bá sọ dájọ́ di dálẹ́bi, kí la ó fi kọ ìkejì?

Ẹni tó ń dájọ́ lè dáni láre, ó sì lè dáni lẹ́bi. Ẹni tó ní "lágbájá ti rí ìgbàlà, làkásègbè ò tíì rí i" ti dá ẹjọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. "Dálẹ́bi" ò lè mú ẹjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni orí àga kan náà ló jókòó sí tó fi dá méjèèjì.

Mo ti jókòó sí àga yẹn rí. Ìgbìmọ̀ ìjọ tí mo wà yọ ọmọbìnrin kan kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí oyún. A ò pè é kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwa ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún ṣì lu ìlù lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. "A bá a wí" ni akọ̀wé wa kọ sínú ìwé. Irọ́ ni. Ìbáwí a máa wá ọ̀nà tí ẹni tó ṣubú yóò fi dìde, bí Gálátíà 6:1 ṣe wí. A dájọ́ ni.

Àwọn kan á ní Jésù fúnra rẹ̀ ní ká máa ṣe ìdájọ́ òdodo, Jòhánù 7:24. Òótọ́ ni, krino náà ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká yí ti Mátíù padà: ẹ jẹ́ kí òǹkàwé rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, kó sì bá a jìjàkadì.

Ní ti "adíbọ́n", ó dùn létí mi, torí òṣèré orí ìtàgé ni wọ́n ń pè ní hypokrites, ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ sí àgàbàgebè, nílẹ̀ Gíríìkì. Ó bá àwọn tó ń gbàdúrà ní ìkóríta kí èèyàn lè rí wọn mu, Mátíù 6:5. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ló wà ní 7:5, ẹni tí ìtì igi sì wà lójú rẹ̀ níbẹ̀ ò díbọ́n. Ó dá a lójú pé òun ríran. Bó ṣe dá àwa náà lójú nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn. Tí mo bá ka "ìwọ adíbọ́n", ara mi á balẹ̀, mo mọ̀ pé mi ò díbọ́n. Tí mo bá ka "ìwọ àgàbàgebè", ojú ọmọbìnrin yẹn ni mo máa ń rí.