Wọ́n dá ọmọ mi lẹ́bi ìkọlù ní kọ́nà: ṣé kí n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?

Bàbá Awakọ̀ Kékeré (olùbéèrè): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, tó ń wa káàtì (ọkọ̀ ìdíje kékeré) nínú ìdíje àwọn ọmọdé níbí ní England, ni àwọn adájọ́ dá lẹ́bi pé òun ló kọlu ọmọ mìíràn ní kọ́nà. Wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá 10 kún àkókò rẹ̀, ipò kejì tó fi òógùn ojú rẹ̀ gbà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Táyà tuntun ni mo rà fún un, mo sì pa iṣẹ́ òru jẹ kí n lè gbé e lọ. Bàbá ọmọ kejì ń bá àwọn òṣìṣẹ́ pápá tàkúrọ̀sọ kí ìdájọ́ tó jáde, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kí èmi. Inú kọ́nà ni ọmọ mi wà. Ọmọ kejì ló ti ẹ̀gbẹ́ ìta wá dínà mọ́ ọn. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ kò tíì sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù: nígbà tí wọ́n ń yà, níbo ni táyà iwájú ọmọ yín dé lára ọkọ̀ ọmọ kejì? Nínú ìdíje ọkọ̀ Formula 1 ní pápá Silverstone ní England, ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2021, inú kọ́nà Copse ni Lewis Hamilton wà nígbà tí táyà iwájú rẹ̀ gbá táyà ẹ̀yìn Max Verstappen, tí Verstappen sì lọ kọlu odi táyà pẹ̀lú agbára 51G (ìlọ́po 51 agbára òòfà ilẹ̀). Àwọn adájọ́ ní àyè ṣì kù nínú kọ́nà tí Hamilton kò lò, àti pé òun ni ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ jù.

Ọmọ Ìbàdàn ní Milan: Ìyá Ìbejì, ṣebí Hamilton yìí kan náà ló borí ìdíje ọjọ́ náà pẹ̀lú ìjìyà tí wọ́n fún un? Irú ìjìyà wo nìyẹn? Ẹ sọ ti pápá Monza ní Italy náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, nígbà tí ọkọ̀ Verstappen gun orí ti Hamilton, tó jẹ́ pé halo, irin tó ń dáàbò bo orí awakọ̀, ló gba orí Hamilton là. Verstappen ni wọ́n dá lẹ́bi, wọ́n sì fi ipò 3 fà á sẹ́yìn fún ìdíje tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbẹ́ ìta ló ti wọ kọ́nà àkọ́kọ́.

Ìyá Ìbejì: Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Inú tàbí ìta kọ́ ni ẹjọ́. Ibi tí ọkọ̀ dé ni.

Bàbá Àgbà: Àbúrò mi, owó ni wọ́n fi ń pe ẹjọ́, kò sì dájú pé wàá rí i gbà padà. Mo pe ẹjọ́ fún ọmọ tèmi nígbà kan, a jàre, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fẹ́ rí káàtì mọ́ lẹ́yìn gbogbo ariwo wa. Fi ọmọ yẹn sílẹ̀ kó sinmi.

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ń bá mi wí bí ẹni pé mo jalè. Táyà iwájú rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ọmọ kejì, mo sì ní fídíò rẹ̀. Ọmọ kejì ló dẹwọ́ eré nítorí pé ọkọ̀ kan ti yí po níwájú, tí òṣìṣẹ́ pápá sì ń fì àsíá yẹ́lò. Ọmọ mi rí àyè, ó sì gbà á. Ṣé ìgboyà ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì: Àsíá yẹ́lò kẹ̀? Sà, bí àsíá yẹn bá ti ń fẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ẹlòmíràn sílẹ̀, nítorí ọmọ tó dúró sójú ọ̀nà àti òṣìṣẹ́ tó lè sáré lọ bá a. Ọmọ kejì ṣe ohun tí òfin wí. Bí ẹ bá gbé fídíò yẹn síwájú wọn, ẹ̀sùn kejì ni ẹ óò fi ọwọ́ ara yín kó wá.

Olùbéèrè: Ìwé ìdájọ́ kò mẹ́nu kan àsíá rárá. Ìkọlù nìkan ni wọ́n kọ.

Ọmọ Ìbàdàn ní Milan: Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, sà. Èmi àti Ìyá Ìbejì kì í fohùn ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n lórí èyí, ẹ má pe ẹjọ́.

Bàbá Àgbà: Ṣé ọmọ náà rí àsíá yẹn?

Olùbéèrè: Ó ní òun rí i, ṣùgbọ́n òun gbọ́ tí mo ń ké láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà pé kó kọjá.